Ìbátan Àwọn Kantíkantí

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìyá àgbà mi ń tà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, iṣẹ́ mi ni láti máa fi abẹ̀bẹ̀ lé kantíkantí kúrò lórí èyí tó bá ti pọ́n jù. Lójú mi, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Àṣé ojú tàn mí ni. Ní ọdún 1830, Johann Wilhelm Meigen, ará Jámánì, sọ ọ̀kan nínú wọn ní Drosophila melanogaster, ìyẹn oníkùn dúdú. Títí di 1919, kò sẹ́ni tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jọ ọ́ jù lọ. Alfred Sturtevant, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Thomas Hunt Morgan ní New York, ló yà á, ó sì pe èkejì ní simulans. Bẹ́ẹ̀ Sturtevant fúnra rẹ̀ kò lè dá àwọn àwọ̀ kan mọ̀! Ìran àwọn ẹṣin bàbá rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀ nígbà èwe rẹ̀.

Ẹ̀yà ìbímọ akọ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ wọn ló tú àṣírí jù. Bí abo melanogaster bá bímọ fún akọ simulans, abo nìkan ló ń yè, àgàn sì ni wọ́n. Ní 1921, Sturtevant tún fi hàn pé àwọn jíìnì kan tó tò lẹ́sẹẹsẹ nínú ọ̀kan ti yí sẹ́yìn nínú èkejì, bí ìgbà tí èèyàn gé àárín ìlẹ̀kẹ̀, tó yí i po, tó sì so ó padà.

Inú bí mi díẹ̀ níbi tí ìwé tí mo kà parí sí, bí ẹni pé New York ni wọ́n bí àwọn eṣinṣin yìí sí. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ilé wọn! Daniel Lachaise, ará Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìtàn ìrìnàjò ìdílé náà ní 1988. Lára wọn ni yakuba, teissieri, erecta àti orena. Ní ọdún 2000 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ santomea ti erékùṣù São Tomé lórúkọ. Melanogaster àti simulans ló bá èèyàn rìn yíká ayé.

Sechellia ló wù mí jù, èyí tó ń gbé ní erékùṣù Seychelles. Èso igi kan tó jẹ́ ìbátan orúwo ló ń jẹ. Oró èso náà ń pa àwọn ìbátan rẹ̀, òun ní tirẹ̀ ń jẹ ẹ́ yó. Orúwo kan náà ni ìyá àgbà máa ń fi se àgbo ibà fún wa.

Mo ròyìn gbogbo èyí fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní, “Ó dáa. Ṣé o ti lé wọn kúrò lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ná?”