Kí ẹ tó wó ilé alámọ̀ bàbá yín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó. Ìbínú ni mo fi ń kọ thread yìí.

Ẹbí wa ṣèpàdé n'Ìbàdàn ní Sátidé. Wọ́n fẹ́ wó ilé alámọ̀ tí bàbá dádì mi kọ́, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Àǹtí mi àgbà ní ilé náà ń dójú tì wá. Èmi tí mo ka ìtàn ní yunifásítì, wọ́n ní kí n dákẹ́.

Ó dáa, ẹ̀yin ni màá sọ ọ́ fún.

Àwọn baba wa kì í sáré mọ ògiri. Wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri á nípọn débi pé ooru ọ̀sán ò ní tètè wọlé. Yàrá á yí àgbàlá ká, òrùlé á dà sínú, òjò á sì ṣàn sínú ìkòkò. Kò sẹ́ni tó ń ra omi ìfọṣọ!

N'Ífẹ̀ ńkọ́? Ìkòkò tó bá fọ́, wọn ò dà á nù. Wọ́n ń to àpáàdì ẹ̀ lóòró sínú ilẹ̀, ó ti lé ní 600 ọdún. Ìtàn ẹnu ní Ọọ̀ni Lúwòó ló pàṣẹ ẹ̀. Obìnrin ni o.

Páànù dé, kò jóná bíi koríko, mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ní 1960, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni amọ̀ bá di ohun ìtìjú. Bẹ́ẹ̀, iná tó le koko ni wọ́n fi ń sun òkúta ẹfun kó tó di sìmẹ́ǹtì. Nínú gbogbo carbon dioxide tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run, bíi ìdá 8 nínú 100 ló ń tibẹ̀ wá. Ilé tó ti dúró, èéfín tiẹ̀ ti lọ tipẹ́. Tá a bá wó o, à ń san gbèsè tuntun nìyẹn.

Ẹ rántí Ilojo Bar l'Ékòó: wọ́n kọ́ ọ ní 1855, ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, wọ́n wó o ní 2016. Ọjọ́ kan péré.

Ohun tó ń pa ilé tiwa gan-an ni páànù tó ń jò, àti sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rẹ́ mọ́ ògiri amọ̀. Kì í jẹ́ kí omi inú ògiri jáde, ó kàn ń ṣí kúrò pẹ̀lú amọ̀ ni. Mo sọ èyí fún Àǹtí lórí fóònù lálẹ́ àná.

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta páànù."