Dídá, Yíyẹ̀, Rírọ́

Bí ọkọ̀ bá gbá èèyàn lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, tí ẹnìkan ní Ajah sì pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112 tàbí 767, wọn á bi í pé kí ló ṣe ẹni tó fara pa. Ìdáhùn ti wà lẹ́nu Yorùbá tipẹ́: ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, èjìká rẹ̀ yẹ̀, ó fẹsẹ̀ rọ́, iṣan itan rẹ̀ fà. Ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ya eegun tó ṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára oríkèé tó ṣí nípò, wọ́n sì ya méjèèjì kúrò lára ohun tó kàn lọ́ tàbí tó fà, bí àwọn dókítà ṣe ń yà wọ́n. Inú wọn ló yẹ kí a ti fa orúkọ ìpalára wọ̀nyí yọ: dídá, yíyẹ̀, rírọ́, fífà. (N kò mú "ìrọ́", ojú á ṣèèṣì kà á sí irọ́.) Lára dídá ni a ó ti rí "dídá abẹ́ awọ" àti "dídá ọlọ́gbẹ́", èyí tí eegun ti lu awọ jáde, tí a ó fi aṣọ mímọ́ bò, tí a kò sì ní ti eegun náà padà.

Iṣan ló nira. Òun kan náà ni a fi ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà ìmọ̀lára, ẹran tó ń gbé ara, àti okùn tó so eegun mọ́ eegun. Ẹni tó ní "iṣan ló já" kò tíì sọ bóyá ẹsẹ̀ náà yóò tutù nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀ tàbí kò ní mọ nǹkan lára mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kún un dípò kí a lé e lọ: iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan ìmọ̀lára, iṣan ẹran, iṣan oríkèé. Èyí tó ká mi lára jù ni igi tí a fi ń ti ẹsẹ̀ tó dá. Ó rọrùn láti pè é ní "igi ìdè", ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Àwọn dókítà Nàìjíríà ti kọ ọ́ léraléra pé ẹsẹ̀ tí téguntégun bá dì le jù lè jẹrà débi pé wọn yóò gé e. Orúkọ tó ní ìdè nínú yóò tún máa ti èèyàn láti dì í le ni. "Igi ìmúdúró" sọ iṣẹ́ rẹ̀: kí oríkèé tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ibi tó dá má mì, kí ọmọ ìka sì wà níta, ká lè máa wò ó bóyá ó ṣì gbóná.

Ẹnìkan lè ní kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì pe gbogbo wọn, bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé ìwòsàn Ìgbóbì tó ti ń tọ́jú eegun láti 1945. Ṣùgbọ́n kí aláìsàn tó ti Ajah dé Ìgbóbì, ọlọ́jà àti awakọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Àtakò tó lágbára jù ni pé ojú lásán kì í sábà mọ dídá yàtọ̀ sí rírọ́. Méjèèjì ń wú, méjèèjì ń dunni. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí a fi nílò "dídá afurasí". Olùgbọ́ ìròyìn mọ afurasí: a kò tíì dá a lẹ́bi, a kò sì tíì tú u sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wú, tí a kò lè fi tẹlẹ̀, dídá afurasí ni, inú igi ìmúdúró ni yóò sì wà títí X-ray yóò fi sọ̀rọ̀.