Igi egbèsì àti hóró oògùn tramadol



Ẹ mọ igi egbèsì. Bóyá orúkọ mìíràn ni ẹ ń pè é ní abúlé yín, ṣùgbọ́n igi náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Inú ọ̀dàn ló máa ń hù, kì í sì í ga púpọ̀. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó rí roboto bí bọ́ọ̀lù kékeré. Èso rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ kò dán, àwọn ọmọdé a sì máa jẹ ẹ́. Àwọn àgbà máa ń se gbòǹgbò rẹ̀ mu fún ibà àti inú rírun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Kamẹrúùnù pẹ̀lú. Nauclea latifolia ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan, tí Michel De Waard ará Faransé wà lára wọn, yẹ gbòǹgbò egbèsì wò, èyí tí wọ́n wú ní Kamẹrúùnù. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ya ayé lẹ́nu. Tramadol ni. Bẹ́ẹ̀ ni, tramadol yìí kan náà tí wọ́n ń tà lórí àtẹ ní ọjà, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì kí wọ́n tó lọ kọ ebè.

Níbo ni tramadol ti wá? Ilẹ̀ Jámánì ni. Àwọn baba ńlá wa mọ àwọn ará Jámánì, nítorí àwọn ló kọ́ ilé ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì Kamina nítòsí Atakpamé, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, kí ọ̀tá má baà gbà á. Ní ọdún 1962, ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ṣe tramadol. Ní ọdún 1977 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Oògùn ìrora ni: fún ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, fún ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́, fún ẹni tí jẹjẹrẹ ń dà láàmú. Ní ọwọ́ dókítà, oògùn gidi ni, èmi kò ní bú u.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà òpíọ̀mù ló ń tọ̀. Oje òdòdó kan ni òpíọ̀mù, ọjọ́ ti pẹ́ tí ayé ti mọ̀ ọ́n. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí mọ́fíìnì ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn rí i pé ó ń pa ìrora, wọ́n sì rí i pé ó ń di bárakú. Kò sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀.

Hans Kosterlitz wà lára àwọn tí ó wá ìdí náà. Jámánì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1903. Júù ni, nítorí náà nígbà tí ìjọba Hitler dé, ó sá lọ sí ìlú Aberdeen ní Scotland ní ọdún 1934. Ó ti di arúgbó tí ó yẹ kí ó sinmi nígbà tí ó dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1973, lórí àwọn oògùn tí ń di bárakú. Ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ láti ilé ìpẹran ni òun àti John Hughes ń lò. Ní ọdún 1975, wọ́n kéde pé àwọn rí ohun kan nínú rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ bí mọ́fíìnì. Ẹlẹ́dẹ̀ kò sì mu òpíọ̀mù rí! Ara fúnra rẹ̀ ló ń pèsè é.

Ohun tí èyí kọ́ wa nìyí. Ara ní oògùn ìrora tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń tú u jáde. Ó ń wọ ojú ibi kan nínú ọpọlọ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ àlejò ni mọ́fíìnì àti tramadol, ṣùgbọ́n àgádágodo kan náà ni wọ́n ń ṣí. Bí àlejò bá ń wọlé lójoojúmọ́, àgádágodo á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Hóró kan kò ní tó mọ́, á di méjì, á di mẹ́rin. Ọjọ́ tí kò bá sí owó rà á, ara á máa ro, òógùn á bo ẹni náà, inú á máa ṣu, oorun kò sì ní kùn ún.

Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí igi egbèsì. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn pé oògùn òyìnbó ti wà nínú igbó wa láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Michael Spiteller, ti yunifásítì Dortmund ní Jámánì, kò tètè gbà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún lọ wú gbòǹgbò. Ní gúúsù Kamẹrúùnù wọn kò rí tramadol nínú egbèsì. Ní àríwá wọ́n rí i, ṣùgbọ́n wọ́n rí i nínú gbòǹgbò igi mìíràn pẹ̀lú. Wọ́n rí i nínú ilẹ̀, wọ́n rí i nínú omi. Wọ́n tún rí ohun tí tramadol máa ń dà lẹ́yìn tí ó bá ti gba inú ènìyàn tàbí ẹran kọjá.

Wọ́n wá bi àwọn àgbẹ̀ léèrè. Àwọn àgbẹ̀ kò fi bò. Wọ́n ní àwọn ń lo tramadol, àwọn sì ń fún màlúù tí ń fa ọkọ́ ìtúlẹ̀, kí ó lè ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láìrẹ̀ ẹ́. Ìtọ̀ màlúù àti ìgbẹ́ rẹ̀ ń wọ ilẹ̀, gbòǹgbò sì ń mu ún. Ọdún 2014 ni wọ́n sọ èyí. Àwọn ti Faransé jà fún ọ̀rọ̀ tiwọn. Nígbà tí ó di ọdún 2016, àwọn ará Dortmund mú ẹ̀rí mìíràn wá: ohunkóhun tí ń hù ní àkókò yìí ní àmì kan lára láti inú afẹ́fẹ́, ohun tí a fi epo rọ̀bì ṣe kò sì ní in, nítorí epo náà ti pẹ́ jù lábẹ́ ilẹ̀. Tramadol tí wọ́n rí kò ní àmì náà. Ilé iṣẹ́ ló ti wá.

Ẹ wò ó bí oògùn náà ti pọ̀ tó, tí igi fi ń mu ún! Ní ìparí ọdún 2017, àjọ àgbáyé tí ń gbógun ti oògùn olóró sọ pé láti ọdún 2013, tramadol tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò rẹ̀ ní gúúsù Sàhárà ti kúrò ní kílò 300 lọ́dún, ó ti ju kílò 3,000 lọ.

Ẹni tí ó gbé e mì tí ó sì kọ ebè títí di alẹ́, àárẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Ó kàn ń pamọ́ fún un ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà báyìí, ẹ máa wo ara páálí. Hóró ti ilé ìwòsàn sábà máa ń jẹ́ 50. Èyí tí wọ́n ń tà ní ìkọ̀kọ̀ lè jẹ́ 120, ó lè jẹ́ 225. Bí ó bá ti di bárakú fún ẹnì kan nílé yín, ẹ má ṣe já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì kí ẹ sì tì í mọ́ yàrá. Ẹ mú un lọ bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, wọn á bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sùn tí kò ṣeé jí, tí kò mí dáadáa, tàbí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti oníwárápá, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ wá ọkọ̀ kíákíá lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ mú páálí oògùn náà dání, kí dókítà lè ka orúkọ àti iye tí ó wà lára rẹ̀.