Orí Ọmọ Tuntun ní Àdúgbò Tuntun

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbàkígbà tí a bá pa òwe yìí, àgbà la máa ń dojú rẹ̀ kọ. Bí ìjà ìdílé bá pẹ́ nílẹ̀ jù, bí olóyè kan bá ń ṣi agbára lò tí àwọn tó jù ú lọ sì ń wò ó níran, òwe yìí la fi ń ta wọ́n jí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ọjà inú òwe náà yóò rí ẹnì kan tí a kì í dárúkọ rẹ̀: ìyá ọmọ. Ó wà níbẹ̀. Òun ló pọn ọmọ. Kì í ṣe aláìbìkítà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà, kò sì sí ẹni tó lè fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó ń ná ata lọ́wọ́, ó ń ka owó, ọmọ ti sùn lọ, ọrùn rẹ̀ ti rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló lè rí i.

Òwe náà kò sì sọ pé kí àgbà yìí jẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjà ni wọ́n wà, kì í ṣe àgbàlá ilé. Àgbà ọjà lè má mọ orúkọ ọmọ, ó lè má mọ agbo ilé tí ìyá rẹ̀ ti jáde wá. Síbẹ̀ yóò na ọwọ́, yóò gbé orí ọmọ sípò, yóò ní, "Ìyá ọmọ, tún ọmọ rẹ pọ̀n o." Bí èmi ṣe gbọ́ òwe yìí sí ni pé ojú òbí nìkan kò tó ọmọ wò, àti pé ibi tó dára fún ọmọ ni ibi tí ẹlòmíràn ti ń bá òbí wo ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ tó ń kan ọ̀pọ̀ ìdílé lónìí ni mo fẹ́ fi òwe yìí wò: ibi tí a ó gbé nígbà tí iṣẹ́ bá gbé wa lọ sí ìlú tí a kò gbé rí. Ilẹ̀ Ìbàràpá ni màá sì fi ṣàlàyé. Ìlú méje ni wọ́n: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán. Àwọn tí iṣẹ́ ń gbé lọ síbẹ̀ kò kéré. Polí wà ní Èrúwà, ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni wà ní Lánlátẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló sì wà tí wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ láti ibi gbogbo. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà láti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ìlera ará ìlú láàárín ará ìlú fúnra wọn. Nítorí náà, àlejò kì í ṣe ohun tuntun níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Èkó dé, ilé ni yóò kọ́kọ́ bèèrè, kì í ṣe àdúgbò. Éjẹ́ǹtì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ilé ti jẹ́ tuntun, tí táìsì ń dán, tí ọgbà ga ju ènìyàn lọ. Àlejò yóò ṣí ẹ̀rọ omi wò, yóò ṣí fèrèsé, yóò bèèrè iye owó ọdún kan. Kò ní bèèrè ẹni tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà. Ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ rárá: ẹni tó kọ́ ilé náà wà ní Èkó, Iléyá àti Kérésì ló máa ń wá. Bí ọmọ bá gba ẹnu géètì jáde ní ọ̀sán, koríko àti ewúrẹ́ ni yóò bá pàdé.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ìlú wàyí. Igbó-Ọrà tí à ń pè ní ìlú kan yìí, mẹ́fà ló para pọ̀: Igbólé, Pakọ̀, Ìsàlẹ̀-Ọba, Sàgánun, Ìbẹ̀rẹ̀kòdó àti Ìdófin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìtàn tirẹ̀ àti olórí tirẹ̀. Ọmọ Pakọ̀ kò ní sọ fún ọ pé ọmọ Ìdófin lòun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé fara kan ilé. Ohun tí èyí ń ṣe fún àlejò ni pé kò sí ibi tí yóò gbé láàárín ìlú tí kò ní bọ́ sábẹ́ ojú ẹnì kan. Kí oṣù tó parí, wọ́n á ti máa pè é ní "ìyá olùkọ́" tàbí "bàbá nọ́ọ̀sì", wọ́n á ti mọ èyí àgbà àti èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ní àárọ̀, àwọn tó lágbára ti gba oko lọ sídìí ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ègúsí. Àwọn tó ṣẹ́kù ni ìyá àgbà tó ń ṣẹ́ ègúsí lábẹ́ òrùlé, télọ̀, onígbàjámọ̀, ìyá tó ń ta ẹ̀wà, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tí kò kúrò lórí àga. Àwọn wọ̀nyí ni àgbà ọjà inú òwe wa. Ilé wọn lè má ní táìsì, ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ sì lè jẹ́ ohun tí aya rẹ kò fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n aago méjì ọ̀sán tí ọmọ ń ti ilé ìwé bọ̀, àwọn ló wà níbẹ̀.

Igbó-Ọrà kan náà ni gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Patrick Nylander, oníṣègùn àwọn aboyún, ṣe ìwádìí láàárín 1972 sí 1982, ó sì rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún ìbí ní ilẹ̀ Yorùbá, 45 sí 50 ló jẹ́ ìbejì. Láti 2018 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbejì ní Igbó-Ọrà tí àwọn oníròyìn òkèèrè ń wá yàwòrán rẹ̀. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ìlasa ló ń fà á, àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ni, àwọn kan sì fẹ́ kó lọ síbẹ̀ tìtorí ìlasa náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi ìyá ìbejì léèrè bó ṣe ń sùn.

Ohun tó wù mí níbẹ̀ kì í ṣe iye ìbejì. Ìyá tó bí ọ̀kan lè pọn ọ́n lọ sọ́jà, kí ó sì máa fojú sọ́nà fún àgbà tí yóò tún orí rẹ̀ ṣe. Ìyá ìbejì ńkọ́? Táíwò wà lẹ́yìn, Kẹ́hìndé wà lọ́wọ́, owó wà lábẹ́ aṣọ, ta ni yóò tú u? Ó di dandan kó gbé ọ̀kan fún ẹlòmíràn. Ìlú tí irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀ ní ilé púpọ̀, láti ìran dé ìran, ìlú tí ọwọ́ ti mọ́ gbígba ọmọ ọlọ́mọ ni. Bí mo bá ní ọmọ kéékèèké tí mo ń wá ibi tí màá gbé, ìyẹn ni màá kà sí ọrọ̀ Igbó-Ọrà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà ìlú kéékèèké nìkan nìyí. Ní 1997, Robert Sampson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Ènìyàn 8,782 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní àdúgbò 343 ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Lára ìbéèrè wọn nìyí: bí ọmọ bá sá nílé ìwé, tó ń dúró kiri ní ìkóríta, ṣé àwọn aládùúgbò yín á dá sí i? Bí ọmọdé bá rí àgbà fín ńkọ́? Wọ́n bèèrè pẹ̀lú bóyá àwọn ará àdúgbò fọkàn tán ara wọn. Níbi tí ìdáhùn ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìwà ipá kéré níbẹ̀, kódà nígbà tí wọ́n fi àwọn àdúgbò tí òṣì wọn dọ́gba wé ara wọn. Òwe wa ni wọ́n ń ṣírò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbọ́ ọ rí.

Àwọn kan yóò ní, "Ojú ará àdúgbò ti pọ̀ jù, wọ́n á mọ ohun tí mo sè, wọ́n á mọ ìgbà tí ọkọ mi wọlé." Òótọ́ ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n mọ ohunkóhun nípa òun, kí ó má retí pé wọ́n á mọ̀ nígbà tí ọmọ òun bá ṣìnà. Àtakò tó wúwo jù ú lọ tún wà: kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó bá nà sí ọmọ ni ọwọ́ rere. Àgbà kan wà tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kan ọmọ ẹnikẹ́ni. Níbí ni ọgbọ́n òwe náà ti jinlẹ̀ sí i. Kò sọ pé àgbà wà nínú yàrá, ọjà ló fi í sí, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń rí ọwọ́ tó tún orí ọmọ ṣe. Àdúgbò tí ojú ti pọ̀, àwọn ojú náà ń ṣọ́ ara wọn. Ilé kan ṣoṣo tó dá wà tí aládùúgbò kan ṣoṣo ń bá ọ mójú tó ọmọ kò ní ààbò bẹ́ẹ̀.

Òbí náà sì ní ipa tirẹ̀. Ìyá tó bá yíjú padà lọ́jà tó bú ẹni tó gbé orí ọmọ rẹ̀ sípò, kò sẹ́ni tí yóò tún na ọwọ́ mọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Bí bàbá àgbà àdúgbò bá bá ọmọ rẹ wí nítorí òkò tó sọ, tí ìwọ sì lọ kò ó lójú, àgbà náà kò ní bá ọ jà. Yóò kàn dákẹ́ ni.

Òwe ní ààlà ṣá. Àgbà lè rí orí tó wọ́; kò lè rí ohun tó wà nínú omi. Ìdèrè ló kọ́ wa ní èyí. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, tí William Brieger wà lára wọn, ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí sòbìà ní Ìdèrè àti àwọn abà tó yí i ká. Ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ yóò bọ́ sínú adágún láti pọnmi, aràn náà yóò tú ọmọ rẹ̀ sínú omi, kòkòrò omi kan tó kéré gan-an yóò gbé e mì, ènìyàn yóò mu omi náà, yóò sì tó bí ọdún kan kí aràn tó yọ. Ta ló ń rántí omi tó mu léṣìí? Bó bá sì yọ, àgbà àti ọmọ ló ń dá dùbúlẹ̀: àgbẹ̀ kò lè dé oko, ọmọ kò lè dé ilé ìwé. Àgbà pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n àgbà fúnra rẹ̀ ń tiro. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní sòbìà káàkiri Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980 náà, wọ́n lé ní 650,000. Oògùn kọ́ ló ṣẹ́gun rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, kànga tó ní ìdérí àti ìkìlọ̀ pé kí ẹni tó ní egbò má bọ́ sómi ni. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn ní Nàìjíríà, àjọ ìlera àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé sòbìà ti tán nílẹ̀ wa.

Sòbìà ti lọ, ìbéèrè omi kò lọ. Ìgbà òjò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ wo ilé, nígbà tí gbogbo kànga kún. Omi oṣù Ẹrẹ́nà ni kí o bèèrè. Ibo ni ìyàwó ilé kejì ti ń pọnmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Báwo ni ṣáláńgá ṣe jìnnà sí kànga tó? Onílé lè purọ́ fún ọ. Àwọn ọmọ tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri kò ní purọ́.

Lẹ́yìn omi, ilé ìwòsàn. Èrúwà ní oríire kan tí ìlú púpọ̀ kò ní: Oluyombo Awojobi, oníṣẹ́ abẹ tó kàwé ní Ìbàdàn, lọ síbẹ̀ ní 1983, ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1986, ó sì fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní 2015. Ṣùgbọ́n bí ibà bá gun ọmọ ní aago méjì òru, ọkọ̀ ta ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà? Ìbéèrè yìí tún ń dá wa padà sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ti ààbò kò gùn. Ní oṣù Òkúdù 2021, àwọn agbébọn wọ Ìgàngán lóru, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sun ilé. Ẹni tó bá fẹ́ kó ìdílé lọ sí ẹ̀yìn ìlú, kí ó mọ ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lóru, yálà ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tàbí ọdẹ àdúgbò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtikó, ẹ má jẹ́ kí éjẹ́ǹtì mú yín lọ wo ilé ní ọjọ́ Àìkú tí gbogbo ènìyàn wà nílé. Ẹ lọ ní ọjọ́ iṣẹ́, ní ọ̀sán gangan, kí ẹ mú ọmọ yín dání. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà ní ojú ọ̀nà, kí ẹ jókòó díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣeré lọ díẹ̀ níwájú yín. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹ fi dìde, tí ẹnikẹ́ni kò bi í pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?", ẹ má san owó ilé náà.