Àbájáde àìròtẹ́lẹ̀ nínú àwòrán ara
Èyí ni ohun tí ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara rí láìjẹ́ pé òun ni wọ́n ń wá. Aláboyún kan ní ìlú Ìlọrà lè lọ ṣe sikáànì nítorí ọmọ, kí wọ́n rí fibroid nínú ilé ọmọ rẹ̀. Bí èsì bá wá wọ àpò ìwé, tó bọ́ sábẹ́ ìbùsùn, bí ẹni pé wọn ò rí nǹkan kan ni. Àwọn kan ní irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ń dáni níjì lásán, owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn sì ńkọ́? Lóòótọ́, púpọ̀ kò léwu: fún àpẹẹrẹ, ìlànà ẹgbẹ́ oníṣègùn Fleischner ti 2017 ní kókó kan ṣoṣo nínú ẹ̀dọ̀fóró tí kò tó mìlímítà 6 kò nílò àtúnyẹ̀wò lára ẹni tí ewu jẹjẹrẹ rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n dókítà tó mọ ìwọ̀n ohun tí wọ́n rí ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí èsì kọ ìwọ̀n ohun tí wọ́n rí àti ìgbà tí aláìsàn yóò padà wá.