Ẹ̀bi Ẹni Tó Gbà á Sílẹ̀: Òfin Páténtì àti Olùrànlọ́wọ́ Tó Mọ̀ọ́mọ̀

Abala 25 nínú Òfin Páténtì àti Díṣáìnì ti ọdún 1970, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣe ohun tí òfin fi sí ìkáwọ́ olùhùmọ̀ láìgba àṣẹ, tàbí tó mú kí á ṣe é, ti tẹ ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ lójú. Èrò mi ni pé gbólóhùn “tó mú kí á ṣe é” kò lágbára tó láti mú ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pèsè irinṣẹ́ fún arúfin. Àwọn tí àlàfo yìí lè kọ́kọ́ pa lára sì ni òṣìṣẹ́ kéékèèké, irú àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní etíkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ká ní ẹnìkan hùmọ̀ ààrò ìyanja tí kì í jẹ igi púpọ̀, tó sì gba páténtì lé e lórí. Oníṣòwò kan l'Ékòó wá ń ṣe àwọn ẹ̀yà ààrò náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò tò wọ́n pọ̀ rárá. Ó kàn ń kó wọn wá sí ọjà Igbókòdá, pẹ̀lú ìwé tó ṣàlàyé bí a ṣe ń tò wọ́n. Àwọn obìnrin Ayétòrò rà á, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n tò ó nílé, wọ́n sì ń fi í yan ẹja tà. Abala 6 ka ṣíṣe ohun tó ní páténtì, kíkó o wọ̀lú, títà á àti lílò ó mọ́ ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀, bó bá ti jẹ́ ti òwò. Ẹni tó yan ẹja fún ọbẹ̀ ilé rẹ̀ bọ́. Ẹni tó yan án fún títà kò bọ́. Ìyá tó wà nídìí ààrò ni ìwé ìpẹ̀jọ́ lè bá. Oníṣòwò tó mọ gbogbo rẹ̀, tó sì jèrè jù, yóò ní irin lòun tà.

Àwọn àgbà ti dá irú ẹjọ́ yìí tipẹ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó gbà bẹ́ẹ̀ náà. Abala 7 rẹ̀ ka ẹni tó ṣèrànwọ́ àti ẹni tó gbani nímọ̀ràn mọ́ ẹni tó dá ọ̀ràn. Òfin páténtì kò sọ ọ́.

Etíkun Ìlàjẹ mọ ìbéèrè nípa ẹ̀bi olùrànlọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí ọ̀ràn tó wúwo ju páténtì lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọmọ Ìlàjẹ tó lọ sórí pèpéle ìwapo Parabe ti iléeṣẹ́ Chevron lójú òkun, wọ́n ń fẹ̀hónú hàn nítorí omi wọn tó bàjẹ́ àti àìríṣẹ́. Chevron ní wọ́n há àwọn òṣìṣẹ́ òun mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ 28 oṣù náà, hẹlikópítà tí iléeṣẹ́ náà háyà gbé ṣọ́jà àti ọlọ́pàá débẹ̀. Ènìyàn méjì kú. Ẹjọ́ Bowoto àti Chevron, tí àwọn ará Ìlàjẹ pè lórí ìṣẹ̀lẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 1999. Àwọn agbófinró ló yìnbọn. Ohun tí àwọn olùpẹjọ́ ń sọ ni pé ẹni tó gbé wọn débẹ̀, tó sì mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ní ìpín nínú ohun tí wọ́n ṣe. Adájọ́ Susan Illston jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú júrì. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá 2008, júrì dá Chevron láre, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2010. Ìdájọ́ yẹn dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó dun èmi náà. Síbẹ̀, wọ́n bi olùrànlọ́wọ́ léèrè ní gbangba: kí lo mọ̀, kí lo sì pèsè?

Ìbéèrè méjèèjì yìí ni òfin páténtì níbòmíràn ti gùn lé. Lọ́dún 1871 ní Amẹ́ríkà, nínú ẹjọ́ Wallace àti Holmes, ẹnìkan ń ta ìdí àtùpà kan tó ní páténtì láìfi gíláàsì sí i, kí oníbàárà lè fi gíláàsì tirẹ̀ sí i. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi, nítorí olùhùmọ̀ kò lè máa pe gbogbo onílé tó tan àtùpà lẹ́jọ́. Òfin Bìrìtìkó ti 1977 náà mú ẹni tó pèsè ohun pàtàkì inú ìhùmọ̀ nígbà tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Ní 2011, ẹjọ́ Global-Tech àti SEB dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ kan lábẹ́ Global-Tech ní Hong Kong ti ṣe àwòkọ ìkòkò ìdíńkan iléeṣẹ́ SEB, ó sì ní kí lọ́yà bá òun wo ìwé páténtì láìsọ fún un pé àwòkọ ni. Ilé-ẹjọ́ ní ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dijú kò yàtọ̀ sí ẹni tó mọ̀.

Ẹnìkan lè ní irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò há wẹ́dà Igbókòdá tó ń jó irin fún ẹnikẹ́ni tó bá sanwó. Ẹ̀rù yẹn tọ̀nà, ìdí sì nìyẹn tí mímọ̀ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òpó òfin náà. Ìṣó, páànù àti irin tí gbogbo ọjà ń tà kò gbọdọ̀ sọ ẹni tó tà wọ́n di arúfin, àfi bó bá tà wọ́n láti ti ẹlòmíì sínú rírú ẹ̀tọ́. Kí àwọn aṣòfin l'Abuja fi èyí kún abala 25, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùpèsè tó mọ̀ ni olùhùmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́, kó tó kan obìnrin tó ń yan ẹja.