Ẹgbẹ́ Ni Àrùn, Ẹgbẹ́ Ni Oògùn: Ìtàn Ìtọ́jú Ọmọ Alágídí Nílẹ̀ Yorùbá



1. Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gbọ́ àkọlé yìí lè bi mí pé, kí ni ó kan onímọ̀ lítíréṣọ̀ nínú iṣẹ́ dókítà? Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni oògùn inú ìwòsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ọ̀rọ̀ ni oko tí èmi náà ń ro. Nínú ìwòsàn yìí, a ń kó àwọn ọmọdé tí ìwà wọn le jọ, a sì ń kọ́ wọn láti yẹ ìrònú ara wọn wò kí ó tó di ìṣe. Àwọn kan ní ohun àjèjì pátápátá ni. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, pé àwọn baba wa ti ń ṣe é tipẹ́. Lójú tèmi, apá méjèèjì ni wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ náà mú. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹgbẹ́ lè ba ọmọ jẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ lè tún un ṣe. Ohun tí ó tuntun ni iṣẹ́ tí a ń gbé lé ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́.

2. Ẹgbẹ́ Ọ̀run àti Ẹgbẹ́ Ayé

Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá ń sunkún láìnídìí, tí ó ń bínú òdì, tí ìwà rẹ̀ kò jọ ti àwọn ọmọ yòókù, wọ́n lè sọ pé emèrè ni, pé ó ní ẹgbẹ́ lọ́run tí ń pè é. Wọn a se èkuru, wọn a wá àádùn, ìrèké àti ẹ̀pà, wọn a sì pe àwọn ọmọ àdúgbò jọ láti jẹ ẹ́. Nǹkan méjì ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí níhìn-ín. Èkínní, wọn kò di gbogbo ẹ̀bi ru ọmọ náà. Èkejì, ẹgbẹ́ ayé ni wọ́n fi ń fà á kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọ̀run. Síbẹ̀, kí á má ṣe fi oyin sí i jù: orúkọ a máa lẹ̀ mọ́ ọmọ. Ẹni tí a bá ti pè ní emèrè láti kékeré, ojú emèrè ni wọn yóò máa fi wò ó títí.

Àwọn àgbà mọ ewu ẹgbẹ́ ayé náà. Wọ́n ní àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kó àwọn ọmọ jọ sí abẹ́ òjú àgbà lálẹ́ láti pa àlọ́. Nínú àlọ́ Ìjàpá, ọmọ a máa rí èrò tí ó ṣáájú ìwà: ohun tí Ìjàpá rò, ohun tí ó ṣe, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpalọ́ ni ó ń fa ẹ̀kọ́ yọ. Kò sí ẹni tí ń bi ọmọ pé, ‘Ìwọ ńkọ́, kí ni o rò lánàá kí o tó lu ọ̀rẹ́ rẹ?’

3. Àkójọ Láìsí Iṣẹ́

Ní ọdún 1941, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Donald Faulkner wá sí Èkó láti bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń rìn káàkiri ìgboro. Òfin nípa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jáde ní 1943. Láti ìgbà náà ni ilé-ẹjọ́ àwọn ọmọdé àti ilé ìtọ́nisọ́nà ti ń fìdí múlẹ̀ láàrin wa. Èrò rere wà nínú rẹ̀, nítorí kò yẹ kí ọmọdé àti gbéwiri àgbà jọ sùn sí ẹ̀wọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jalè, ọmọ tí ó jà, àti ọmọ tí kò ní ju òbí tálákà lọ, ojú kan náà ni a kó gbogbo wọn sí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ lórí èyí. Ní Cambridge àti Somerville, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní 1939 fún àwọn ọmọkùnrin. Wọ́n pín àwọn ọmọ tí ó lé ní 500 sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì ran apá kan lọ́wọ́. Ní 1978, Joan McCord tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún: àwọn tí a ràn lọ́wọ́ kò sàn ju àwọn yòókù, ní àwọn ọ̀nà kan wọ́n tilẹ̀ burú jù wọ́n lọ. Ní 1999, òun àti Thomas Dishion pẹ̀lú François Poulin ṣàlàyé pé bí a bá kó àwọn ọmọ alágídí jọ, wọ́n lè máa kọ́ ara wọn ní ìwàkiwà. Òwe àgùntàn àti ajá ni wọ́n tún pa ní èdè onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

4. Láti Àrò Dé Ìbàdàn

Nílẹ̀ wa, Thomas Adéoyè Lámbò ti fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ní 1954, ní Àrò, l’Ábẹ́òkúta, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé ní abúlé láàrin ìbátan àti ará ìlú, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Àwọn àgbà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó tọ́jú, ṣùgbọ́n ó fìdí òtítọ́ kan múlẹ̀: àwùjọ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ apá kan ìwòsàn.

Láàrin ọdún 1960 sí 1970, Aaron Beck ní Philadelphia ń fi yé wa pé èrò kan wà láàrin ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn àti ìbínú tàbí ìbànújẹ́ rẹ̀, àti pé a lè yẹ èrò náà wò. Ní 1980, Kenneth Dodge fi hàn pé ọmọ tí ó máa ń jà a tètè ka ohun tí kò dájú sí ìkà. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọmọ kan tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lù, tí omi rẹ̀ sì dànù. Kí ó tó bi í léèrè, ó ti sọ nínú ara rẹ̀ pé, ‘Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.’ Inú gbólóhùn yẹn gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 2016, Jibril Abdulmalik, Cornelius Ani, Adémọ́lá Àjùwọ̀n àti Ọláyínká Omígbòdùn tẹ iṣẹ́ kan jáde láti Ìbàdàn. Ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lò, gbogbo wọn ọmọ tí ìwà jàgídíjàgan wọn pọ̀. Ogún nínú wọn jókòó ní ẹgbẹ́, wọ́n ń kọ́ bí a ti ń yanjú ìṣòro: kí ni ó ṣẹlẹ̀ gan-an? Ọ̀nà mélòó ni mo lè gbà dáhùn? Kí ni yóò tẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ? Ogún yòókù ń dúró de ìgbà tiwọn. Ìwà jàgídíjàgan àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ náà dínkù ju ti àwọn yòókù. Òótọ́ ni pé ogójì ọmọ kò tó láti fi ṣe òfin. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ alágídí ni a kó jọ níbí pẹ̀lú, wọn kò sì ba ara wọn jẹ́, nítorí pé wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àgbà sì wà níbẹ̀ tí ń darí rẹ̀.

5. Ìkádìí

Kí ni èyí jẹ́ fún wa l’Ékìtì, tí a ń fi ẹ̀kọ́ ìwé yangàn? Ó jẹ́ pé olùkọ́ tí ó kó àwọn aláìgbọràn márùn-ún síwájú kíláàsì láti nà wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láìmọ̀. Pàṣán ti fún wọn ní orúkọ kan náà, wọn yóò sì máa gbé orúkọ náà kiri pọ̀. Ó tún jẹ́ pé àlọ́ tí a ti ń gbàgbé ṣì wúlò, bí àpalọ́ bá lè dákẹ́ díẹ̀ ní ìparí kí ó sì jẹ́ kí ọmọ sọ ohun tí òun ìbá ṣe bí òun bá jẹ́ Ìjàpá. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ohun tí mo ń fi kún un ni pé kí a fi àdá náà lé ìrókò fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, kí a sì dúró tì í.